Àkànní, mo gbọ́ pé o wà ní Nyanya

Àkànní ọmọ mi,

Àsàláámù àléékúmù. Mo pè ẹ́ pè ẹ́, fóònù ń dún, o ò gbé e. Mo kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ lórí WhatsApp, mo rí i pé o kà á torí máàkì méjèèjì ti di búlúù, síbẹ̀ o ò fọhùn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó lálẹ́ yìí kí n kọ èyí tó gùn yìí, pé bó bá jẹ́ kíkà lásán ni wàá máa kà, kó o kúkú ka gbogbo ohun tó wà níkùn mi. Má fò ó o. Mo bẹ̀ ẹ́, kà á dé ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bí a ṣe kírun tán, obìnrin kan tí a jọ ń ṣe àsálátù wá bá mi níbi tí mo ti ń wá bàtà mi, ó ní "Alhaja, mo rí ọmọ yín ọkùnrin ní Nyanya, kẹ̀kẹ́ ló ń wà." Mo ní ọmọ tèmi kẹ̀, ọmọ tèmi wà ní Kano, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun jókòó sẹ́yìn ẹ láti abẹ́ bírííjì, o kí òun dáadáa, o béèrè àwọn ọmọ, o ò gba owó lọ́wọ́ òun. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìwọ ni. Ẹlòmíì ì bá gba owó ẹ̀. Mi ò rí èsì fọ̀, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ mi, mo ṣì ń wá a kiri.

Àkànní, ṣé òótọ́ ni?

Mi ò bínú torí kẹ̀kẹ́, jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn kó o má baà da fóònù délẹ̀. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ń ṣiṣẹ́ ni, kò jalè, kò lu èèyàn ní jìbìtì. Ohun tí mi ò lè gbé mì ni pé láti Nyanya sí Kubwa, ọkọ̀ kan dé Berger, òmíràn dé ilé, o ti débẹ̀. Ìlú Abuja kan náà ni a jọ wà, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gbàdúà pé kí Ọlọ́hun ṣọ́ Àkànní mi ní Kano. Ní Kano! Ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ àti àdúà mi, ẹ ò sí ní ibì kan náà. Ó ń dùn mí gan-an ni.

Bàbá ẹ ò tíì mọ̀. Wọ́n wà dáadáa, ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti wálẹ̀ díẹ̀, dókítà ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, wọn ò gbọ́. Lándílọ́ọ̀dù ti tún fi owó kún owó ilé. Àbúrò ẹ ti kúrò ní káǹpù àgùnbánirọ̀, ilé ìwé kan ní Nasarawa ni wọ́n gbé e lọ, ó ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ga ju òun lọ. Bọ́hòlù àdúgbò bàjẹ́, ọwọ́ méruwà la tún ti ń ra omi. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó àdúà ọdún kan ikú Màmá Ọ̀fà, ìyá mi, ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Jos ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́, àwọn ti Ìlọrin ti san, àbúrò ẹ tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ máa san àláwì fún gan-an ti mú nǹkan kan wá. Ìwọ nìkan ni orúkọ ẹ wà lórí ìwé tí iwájú ẹ̀ ṣófo. Wọ́n ń bi mí, mò ń sọ pé ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Bí owó ò bá sí, sọ pé owó ò sí, ta ló ní kó o lọ jalè? Owó kọ́ ni mò ń wá lọ́wọ́ ẹ. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ ni.

Àbí wọ́n dá ẹ dúró níbi iṣẹ́ ni? Láti ìgbà wo? Àbí o lọ yáwó lórí fóònù, àwọn tó máa ń fi ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn tó bá wà lórí fóònù ẹni? Àbí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni? Mo ń rò ó síhìn-ín, mo ń rò ó sọ́hùn-ún, oorun ò kùn mí mọ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014 tí bọ́ǹbù ti dún ní páàkì Nyanya, orúkọ ibẹ̀ lásán ń já mi láyà, ibẹ̀ náà lo wá lọ jókòó sí tí o ò sọ fún ẹnì kankan. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ẹ níbẹ̀ ńkọ́? Ta ni wọ́n máa pè? Wọ́n á gbé fóònù ẹ, wọ́n á rí bí mo ṣe pè tó, wọ́n á ní ìyá yìí ti ń wá a tipẹ́.

Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́. Mo ti tọrọ ẹ̀ pé kó má ṣẹlẹ̀.

Ó fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ ọdún kan báyìí tí Màmá lọ, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn fún ẹ, má ní ìyá mi tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ bá wọn nígbà tí wọ́n ti darúgbó, Màmá tó ń fún ẹ ní wàràǹkáṣì, tó ń pè ẹ́ ní ọkọ mi, tó ń kì ẹ́ ní Ìyèrú Ọ̀kín ọmọ Ọlọ́fà Mojò títí orí ẹ á fi wú. O ò bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí tí gbogbo Ọ̀fà fi ń pè wọ́n ní Ìyá Pósófíìsì dọjọ́ tí wọ́n kú, mi ò rò pé mo jókòó sọ ọ́ fún ẹ rí, ìyẹn náà wà lára àwọn ohun tó ń dùn mí.

Nǹkan bí ọdún 1934 ni wọ́n ní wọ́n bí wọn, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin ló fi tipátipá mú bàbá wọn gbà kí wọ́n lọ sílé ìwé. Ọdún 1958 ni wọ́n wọ P&T, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí lẹ́tà àti tẹlifóònù nígbà yẹn, òyìnbó ṣì ń ṣèjọba, obìnrin tó jókòó sí kántà ò wọ́pọ̀, Màmá sọ pé àwọn ọkùnrin kan máa ń wá ra sítáǹpù tí wọn ò ní lẹ́tà kankan tí wọ́n fẹ́ fi, kí wọ́n kàn lè wo obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba.

Tí a bá ti jáde ilé ìwé, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń lọ. Orí àpò lẹ́tà tó ti ṣófo ni mo máa ń jókòó sí lẹ́yìn kántà. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó lẹ́tà wá nígbà yẹn, èyí tó ti Èkó bọ̀ àti èyí tó ti Kano bọ̀, àpò á ti wà ní dídì, wọ́n á ti lẹ èdìdì mọ́ ọrùn ẹ̀, wọn kì í dá nìkan tú u, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó rí i pé èdìdì ò já. Wọ́n á wá da lẹ́tà sórí tábìlì gbàrà, ọwọ́ Màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ti Erin-Ilé síhìn-ín, ti Ìpéé síbí, ti Ìjàgbó sọ́hùn-ún, ti Ọ̀fà gan-an sínú àwọn ihò kéékèèké tó wà lára ògiri. Wọn kì í wojú ọwọ́ wọn. Láràárọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ pa déètì tó wà nínú òǹtẹ̀ dà sí ti òní, wọ́n á kọ́kọ́ lù ú sórí pépà òfìfo, wọ́n á gbé e sójú wò dáadáa. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn dúdú nítorí tàdáwà, ọṣẹ kì í bó o, kódà nígbà tí wọ́n bá ń bu ọbẹ̀ fún wa lálẹ́ mo máa ń rí i.

Àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà ní òkè ọya àti ní Gáànà ló pọ̀ jù. O mọ̀ pé kò síbi tí ará Ọ̀fà ò sí. Àwọn ìyá yìí ò mọ̀wé, Màmá ló ń ka lẹ́tà sí wọn létí, ìdákọ́ńkọ́ ni wọ́n fi ń kà á, lẹ́yìn ògiri, kí ẹlòmíì má baà gbọ́. Màmá náà ni wọ́n ń bá wọn kọ èsì. Ìyá á ní "Kọ ọ́ pé a wà. Má kọ pé mo ṣàìsàn o, kó má baà fi iṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀." Màmá á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́, wọ́n ti búra pé àwọn ò ní tú àṣírí lẹ́tà onílẹ́tà, ìbúra yẹn wọ̀ wọ́n lára ju bí o ṣe rò lọ. Ta ló jẹ gbèsè ní Kumasi, ta ni ìyàwó ẹ̀ kọ̀ ọ́ ní Kano, ta ló ń ṣẹ̀wọ̀n, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n mọ̀, bàbá mi tí wọ́n jọ ń sùn ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan rí.

Ní ọdún 1969 tí ìjọba Busia lé àwọn èèyàn wa ní Gáànà, mo kéré ṣùgbọ́n mo rántí. Lẹ́tà dẹ́kun, mọ́nì ọ́dà dẹ́kun. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn á wá jókòó sílẹ̀ níwájú pósófíìsì láti àárọ̀, wọn ò béèrè nǹkan kan, wọ́n kàn ń wo Màmá lójú. Màmá ò lè lé wọn. Wọ́n á bomi fún wọn mu. Tí wáyà bá dé tó ní kí ẹnì kan máa bọ̀ nílé kíákíá, Màmá kì í rán ọmọ kékeré lọ fi jẹ́ iṣẹ́ yẹn, torí gbogbo ayé mọ̀ pé wáyà bẹ́ẹ̀, òkú ló wà nídìí ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń dé gèlè lọ sílé onítọ̀hún, wọ́n á jókòó tì í.

Nígbà tí wọ́n sọ pọ́n-ùn di náírà ní 1973, ìyá kan wá gba mọ́nì ọ́dà, ọmọ ẹ̀ máa ń fi pọ́n-ùn márùn-ún ránṣẹ́, wọ́n kà á fún un pé náírà mẹ́wàá ni. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀, ó ń ṣàdúà fún ọmọ ẹ̀ pé ó ti sọ owó òun di ìlọ́po méjì. Àwọn akọ̀wé yòókù fẹ́ là á yé e pé pọ́n-ùn kan ni náírà méjì, iye kan náà ni. Màmá ṣẹ́jú sí wọn. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣàdúà ẹ̀ tán ná. Ìgbà tí inú ẹ̀ rọ̀ ni wọ́n tó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣàlàyé. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn.

Ní 1985 ni P&T pín sí méjì, tẹlifóònù lọ sọ́dọ̀ NITEL, lẹ́tà di NIPOST, Màmá bá lẹ́tà lọ. 1993 ni wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún 35, wọn ò ṣe jìbìtì kan rí, owó ẹnì kankan ò sọnù lọ́wọ́ wọn.

Ní báyìí, ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kò rọrùn fún mi láti kọ ọ́.

1984 ni mo fẹ́ bàbá ẹ, a sì lọ sí Kaduna. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan dáa, yàrá méjì àti pálọ̀ la ní ní Kakuri. Kí n tó kúrò nílé Màmá sọ fún mi pé lẹ́tà kan lóṣù, kò pọn dandan kó gùn. Mo ń kọ ọ́. Mò ń fọ́nnu nínú ẹ̀ pé ọkọ mi ti di súpáfáísọ̀. Ìgbà tó di ayé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, lẹ́yìn 1986, òwú wọ́n, irinṣẹ́ wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá èèyàn dúró, bàbá ẹ bọ́ síta. A kó lọ sí yàrá kan. Mo ń se kùnú, mo ń gbé e sí etí títì ní Tudun Wada. Èmi ọmọ Ìyá Pósófíìsì! Ojú tì mí, Àkànní. Mo ń sọ fún ara mi pé tó bá di oṣù tó ń bọ̀ nǹkan á ti sunwọ̀n, màá wá kọ lẹ́tà ayọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ò dé. Bí mo ṣe ń dákẹ́ ni àtikọ̀wé ń ṣòro sí i, torí mo ní láti ṣàlàyé ìdákẹ́ náà pẹ̀lú.

Màmá ò kọ̀wé bínú. Lẹ́tà kan dé látọ̀dọ̀ wọn, mo tú u, ẹ́ńfílóòpù kan ni wọ́n ká sínú ẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ara wọn síwájú ẹ̀, wọ́n ti lẹ sítáǹpù mọ́ ọn, ohun tó kù fún mi kò ju pé kí n fi ohunkóhun sínú ẹ̀ kí n sọ ọ́ sínú àpótí. Lóṣù kejì, òmíràn dé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Mo ń kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Mi ò sọ èyí fún ẹ̀dá kan rí, bàbá ẹ gan-an ò gbọ́ ọ. Mo fi omi gbígbóná ṣí àwọn sítáǹpù yẹn kúrò lára wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń tà wọ́n fún àwọn ọmọ yunifásítì tó wà nílé wa. Gààrí ni mo fi ń rà. Owó Màmá ni wọ́n fi rà wọ́n o, kì í ṣe ti ìjọba, mo mọ̀ pé wọn ò ní fọwọ́ kan ohun ìjọba.

Ìgbà tó yá, wọ́n gba ìsinmi níbi iṣẹ́, wọ́n wọkọ̀ ojú irin wá Kaduna láìsọ fún wa. Ẹnì kan ló júwe ibi tí mo wà fún wọn. Mo gbójú sókè, mo rí ìyá mi pẹ̀lú báàgì wọn, èmi ni mo mú ìgbákọ dání, ìkòkò kùnú wà níwájú mi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni "Ṣé ó ń tà?" Wọ́n gbé báàgì kalẹ̀, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń bá mi gba owó títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn ò béèrè ẹ́ńfílóòpù. Títí wọ́n fi kú, wọn ò béèrè ẹ̀ rí. Mo rò pé bóyá ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn wọ́n púpọ̀. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ní gbogbo ọdún wọ̀nyí nìyẹn.

Ọjọ́ fidáù wọn, ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní pósófíìsì wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ní lásìkò tí ọmọ Màmá kan wà ní Kaduna, tí àpò Kaduna bá ti dé, Màmá kì í jẹ́ kí ẹlòmíì tú u. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò tán, wọ́n á tún un yẹ̀ wò. Wọ́n á wá fún olúkúlùkù ní lẹ́tà ọmọ ẹ̀, wọ́n á máa bá wọn yọ̀, "ọmọ yín ti kọ̀wé o, ẹ kú oríire". Lẹ́yìn náà wọ́n á ní àwọn ń lọ mumi lẹ́yìn ilé, wọ́n á pẹ́ níbẹ̀. Ìyá náà ò mọ̀ pé èmi ni ọmọ Kaduna yẹn, ó rò pé ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹran sàráà wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè gbé e sẹ́nu.

Ṣé o rí ohun tí mò ń sọ? Mo mọ ibi tí o wà. Kì í ṣe Nyanya ni mò ń wí. Mo mọ bí ó ṣe máa ń rí téèyàn bá ní jẹ́ kó dáa ná kí n tó sọ. Ìwọ rò pé ò ń fi ìtìjú pa mọ́ fún mi, bẹ́ẹ̀ ìyà lò ń fi jẹ mí, èmi náà fi jẹ ẹlòmíì, mi ò sì rí i kí n bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ìwọ kọ́ lo rí báyìí tẹ́lẹ̀! Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2018, ọjọ́ tí adigunjalè ya wọ Ọ̀fà, tí wọ́n ń ti báǹkì kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n pa ọlọ́pàá, pa aráàlú, ìwọ lo kọ́kọ́ pe Màmá. Kí èmi ọmọ wọn tó gbọ́, o ti pè wọ́n, o ti ní kí wọ́n wọlé kí wọ́n tilẹ̀kùn, kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, o ò gbé fóònù sílẹ̀ títí ìbọn fi dákẹ́. Màmá sọ ọ́ títí, wọ́n ní Àkànní dúró ti àwọn. Níbo ni ọmọ yẹn lọ?

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn yẹn dé, gbogbo ìgbà tí mo bá pè wọ́n ni wọ́n ń béèrè, "Àkànní ńkọ́?" Mo ń sọ pé ó ní kí n kí yín, ó ní òun ń bọ̀ wá wò yín. O ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo jẹ́ iṣẹ́ tẹ́nì kan ò rán mi. Fún ìyá tó fi gbogbo ayé ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an láìfi kún un láìyọ níbẹ̀, èmi ọmọ ẹ̀ ń purọ́ fún un lórí ibùsùn àìsàn, nítorí tìẹ. Mo ń bẹ Ọlọ́hun pé kó dárí ẹ̀ jì mí.

Ọjọ́ tí wọ́n kú, ọ̀sán ọjọ́ náà la sin wọ́n, mi ò retí pé wàá ti Kano bá a. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹjọ, o ò wá. Ogójì ọjọ́, o ò wá. O ní ọ̀gá ẹ ò fún ẹ láyè. Ọ̀gá wo? Ṣé o ṣì ní ọ̀gá nígbà yẹn àbí o ti wà ní Nyanya? Lọ́jọ́ tí mo bá rí ẹ màá fọ́ ẹ létí, o gbọ́? Lẹ́yìn ẹ̀ màá ro ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tí o fẹ́ràn, bóyá o tiẹ̀ ti rù, obìnrin tó rí ẹ ní o rù díẹ̀, mo bi í léraléra, ó ní díẹ̀ ni. Ibo lò ń sùn? Ta ló ń se oúnjẹ fún ẹ? Má ṣe wa kẹ̀kẹ́ lóru, má gbé àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó bá jọ dá ẹ dúró lálẹ́, àwọn olè oníwáńṣáǹsì pọ̀ ní Abuja yìí, kẹ̀kẹ́ gan-an ni wọ́n máa ń wá gbà. Yẹ bíréèkì wò láràárọ̀.

Ìwọ ò rántí ọdún 2000 dáadáa, oṣù kejì, nígbà tí wàhálà Ṣàríà gbòde ní Kaduna, tí a sá lọ sí bárékè pẹ̀lú aṣọ tó wà lọ́rùn wa nìkan, o kéré. Fóònù àgbéká GSM ò tíì dé Nàìjíríà. Màmá ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, síbẹ̀ àwọn ọmọ pósófíìsì sọ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá, wọ́n á jókòó sílẹ̀ níwájú ibẹ̀, níbi tí àwọn ìyá ti Gáànà máa ń jókòó sí. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ̀wé, bí a ṣe jáde ní bárékè báyìí ni mo wá pépà. Ìlà méjì péré, pé a wà láàyè, gbogbo wa. Mo bá lẹ́tà yẹn nínú àpótí wọn lẹ́yìn ikú wọn, wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé e pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ wọn.

Nítorí náà ìlà méjì tó fún èmi náà. Má ṣàlàyé nǹkan kan fún mi tí o ò bá fẹ́. Má rò pé o gbọ́dọ̀ rí owó àdúà kó o tó pè. Mo ti rò ó pé kí n wá sí Nyanya fúnra mi, kí n dúró lábẹ́ bírííjì títí wàá fi kọjá, bàbá ẹ á sì béèrè ibi tí mò ń lọ. Mi ò fẹ́ dójú tì ẹ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan títí ọ̀sẹ̀ yìí fi máa parí, màá wá o, Àkànní, orúnkún tó ń dùn mí yìí ò ní dá mi dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó máa parí oṣù yìí ni àdúà, ní Ọ̀fà. Àárọ̀ kùtù ọjọ́ Jímọ̀ la máa gbéra ní Zuba, torí a ò fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa lọ́nà, ọ̀nà ò dáa. Mo ti san owó ọkọ̀ tìẹ mọ́ tiwa, ẹnì kankan ò ní béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ. Àwọ̀ aṣọ búlúù la máa wọ̀, tí o ò bá ní, wọ èyí tó wà lọ́rùn ẹ. Káádì tó wọlé sórí fóònù ẹ láàárọ̀ yìí, èmi ni mo rà á, má sọ pé dátà ò sí. Bàbá ẹ máa ń pẹ́ ní mọ́sálásí tí wọ́n bá lọ kírun Ìṣáì, tó bá jẹ́ èmi nìkan lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, àsìkò yẹn ni kó o pè.

Èmi ni,
Ìyá ẹ, Kubwa.